Mo Ha Bàbà Wò

Páálí méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú mi
ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìròjò, n'Íléṣà.
Àwọ̀ kan náà, òǹkà kan náà lára,
ṣùgbọ́n owó ọ̀kan kò tó ìdajì owó èkejì.
Arówólò tó ń tọ́jú owó rẹ́rìn-ín:
"Wáyà ni wáyà ń jẹ́. Ó yá, fà á."

N kò dá a lóhùn. Mo yọ ọ̀bẹ.
Mo ha fọ́nrán tín-ín-rín kan bí ẹní ha iṣu sísun,
pupa ṣí kúrò, funfun yọjú.
Bàbà lójú, páànù nínú!
Mo tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún,
ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ó dá.
Mo tẹ èkejì títí ìka fi ń ro mí,
ó kàn ń wò mí ni.

Ẹni tó ṣiṣẹ́ ibẹ̀ ṣáájú mi ti lọ sí Èkó.
Ó fi ewé bẹ̀rẹ̀ ìdí kan, ó fi ọsàn bẹ̀rẹ̀ ìdí kejì.
Yàrá káàdì ń pe ilé oògùn,
ilé oògùn ò gbọ́,
Nọ́ọ̀sì Mọrádékẹ́ ń fẹsẹ̀ gbé fáìlì gun àtẹ̀gùn
láti oṣù kẹta.

Kò sẹ́ni tó ní ọ̀kan dára ju èkejì lọ o.
Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o mú.
Àmọ́ bó o bá ti mú un, ibẹ̀ ni kó o kú sí.
Tèmi rèé, mo ń kà á bí orúkọ ọmọ ìyá mi:
funfun ọlọ́sàn, ọsàn,
funfun eléwé, búlúù,
funfun oníbúlúù, ewé,
funfun onílẹ̀, ilẹ̀.
Mẹ́jọ. Ilẹ̀ ló ń kẹ́yìn gbogbo wọn.

Méjì méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra,
má tú wọn ju gígùn èékánná lọ.
Má sì jẹ́ kí wọ́n bá wáyà NẸ́PÀ rin ọ̀nà kan náà,
aláriwo kì í jẹ́ ká gbọ́ ẹni tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Bí wọn ó bá pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn,
kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá bàbá mi ṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
ó lóun ò ní dìde àfi bówó aṣọ òun bá pé.
Èmi ṣó sábẹ́ tábìlì, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
títí Arówólò fi ra bàbà gidi. Ọjọ́ mẹ́ta ni.

Lánàá mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá.
Ó ti tú páálí olówó pọ́ọ́kú yẹn,
ó ta á láti ara igi ìbẹ́pẹ dé ojú fèrèsé,
ìlẹ̀dí ọmọ tuntun mẹ́rin ń gbẹ lórí rẹ̀.