Bàbá Kọ́kọ́rọ́

Ọdún mọ́kànlélógún ni kọ́kọ́rọ́ ilé Rẹ ti wà lọ́wọ́ mi.
Ó ti dán ju òrùka ìgbéyàwó mi lọ.
Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni Ṣábẹ̀ẹ́ ń pè mí,
láti ibùdókọ̀ rélùwéè títí dé ẹsẹ̀ òkè
níbi tí ewúrẹ́ ti ń sùn lórí àpáta.
Mo mọ bẹ́ǹṣì tó ń ké bí ènìyàn bá jókòó lé e,
mo mọ fèrèsé tí ọyẹ́ máa ń gbà wọlé,
mo mọ iye àdán tó wà lájà: mẹ́tàdínlógún.
Mo mọ ẹni tó máa ń ju owó wẹ́wẹ́ sínú igbá
kó lè dún bí owó ńlá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá,
Odíìlì, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje,
ń bá mi gbá ilẹ̀. Ó dá ìgbálẹ̀ dúró, ó ní:
“Bàbá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣílẹ̀kùn fún Un,
kí Ló máa ń sọ fún yín bí Ó bá wọlé?”

Mo ní kó lọ pọnmi.
Ó lọ pọnmi.
Ìdajì omi dànù lọ́nà,
ìbéèrè náà kò dànù. Ó gbé e dé lódidi.

Láti ọjọ́ náà, oorun ò kun ojú mi.
Feliṣitẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó se èèpo igi kajú fún mi.
Mo mu ún. Ó korò,
ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn mí, àgbo ò dé ibẹ̀.

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọlọ́lá,
òun kọ́ ló ń bá ọlọ́lá jẹun.

Olúwa, àwa méjì nìkan ló wà níhìn-ín, jẹ́ kí n sọ ọ́.
Àdúrà mi dà bí ojú irin tó la ìlú wa kọjá:
ó ṣì wà nílẹ̀, ó gùn, ó tọ́,
ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò dé Kútọnu,
àmọ́ ó pẹ́ tí ọkọ̀ kan ti gba orí rẹ̀.
Koríko ti hù láàárín rẹ̀.
Àwọn obìnrin ń sá ẹ̀gẹ́ sí i.

Ìgbà kan péré ni mo bá Ọ sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn.
Òru tí ìyá Odíìlì rọbí tí kò dìde mọ́.
Mo dúró lẹ́yìn ilé ìwòsàn, nídìí máńgòrò,
mo sì bú Ọ.
Mo bú Ọ títí ohùn mi fi há.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wá lu agogo Rẹ lásìkò.
Èmi ò mẹ́nu bà á, Ìwọ náà ò mẹ́nu bà á.
Láti ìgbà náà la ti ń gbé bí aládùúgbò tó jà:
ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́,
ó tán.

Lónìí, mo ti ilẹ̀kùn láti inú.
Mi ò gbá nǹkan kan, mi ò nu nǹkan kan.
Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń ké,
ó ké, mo jẹ́ kó ké.
Mi ò pe orúkọ ńlá kankan. Mo ní:
“Ó ṣì ń dùn mí.”

Àrá ò sán.
Àdán kan yí ìyẹ́ padà.
Atẹ́gùn òkè wọlé, ó kan ojú mi, ojú mi ti tutù ṣáájú.
Ọjọ́ kanrí, mo gbàgbé agogo,
ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ọdún mọ́kànlélógún.

Ọwọ́ kékeré kan ń kanlẹ̀kùn báyìí.
“Bàbá àgbà! Wọ́n ní agogo dà?
Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín?”

Mò ń bọ̀, Odíìlì. Ṣe sùúrù díẹ̀.
Kò tíì sọ nǹkan kan fún mi.
Ó ṣì ń gbọ́ tèmi lọ́wọ́.