Ọṣẹ Oyèládùn

Agolo mílíìkì ló rọ ọ́ sí,
ó fi ọ̀rá bò ó lójú, ó fi rọ́bà dè é.
“Bàbá, ẹ bá mi fi fá irùngbọ̀n yín.
Ẹ má yìn mí o, ẹ wí bó ṣe rí.”
Ọmọ tó bá ní ká má yin òun,
ìyìn náà ló ń wá. Ṣùgbọ́n mo gbà á.
Ogójì ọdún ni mo fi fárí l'Ókè Ẹlẹ́rìn.
Orí olórí ni mo fi kọ́ abẹ;
ó tọ́ kí n fi àgbọ̀n ara mi kọ́ ọṣẹ.

Mọ́ńdè, mo ṣí i. Mo na imú sí i
bí ewúrẹ́ tó gbọ́ òórùn èèpo iṣu.
Ewé tíì ló kọ́kọ́ kí mi,
ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkọ ìyàwó, ó ti pọ̀ jù.
Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e.
Òrí jókòó sẹ́yìn bí ìyá ọkọ:
kò sọ̀rọ̀, gbogbo ilé mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀.
Nǹkan kan sì tún wà nísàlẹ̀ pátápátá
tó ń ṣe bí eérú, tó ń ṣe bí òdòdó máńgòrò,
tí mo mọ̀, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo bu omi kànga. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì yí i, yí i, yí i.
Ìfófòó yọ, ó tú ká
bí ìpàdé ẹbí tí wọ́n dárúkọ owó.
Mo gbé abẹ lé e.
Fá ni mo wí. Fà ló fà.
Mo lẹ bébà mọ́ abẹ́ etí, mo kọ ọ́ sínú ìwé:
*Òórùn, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Híhó, mẹ́ta.
Abẹ, ẹ má bi mí.*

Ṣùgbọ́n omi kànga ilé wa,
tó ń fi funfun sílẹ̀ ní ìdí kẹ́tùrù,
ọṣẹ wo ló ti bá a rẹ́ rí?

Òjò rọ̀ lóru Túsìdeè.
Mo gbé bàsíà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ha!
Ó hó, ó ga, ó dúró
bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.
Fá ni mo wí. Fá ló fá.
Àgbọ̀n mi ń dán bí ìdí àwo.

Mo fi fá Súnmọ́nù bíríkìlà,
ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ kì í fá kó má sú.
Ọjọ́ kẹta, ó padà wá, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀kẹ́:
“Kò sú. Ṣùgbọ́n oyin lé mi lórí àkàbà.”

Ẹjọ́ kan ló kù tí mo ní í rò.
Kí n tó rìn dé Tákíẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹ̀kẹ́,
mo gbé ọwọ́ símú: ọwọ́ mi lásán.
Mo kọ ọ́: *òórùn rẹ̀ kì í dúró de oòrùn.*
Gbólóhùn náà dùn mọ́ mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ìrun alẹ́,
ìyàwó mi gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó dúró, ó padà.
Ọdún mélòó ló ti wo àgbọ̀n yìí gbẹ̀yìn?
“Ta lẹ ń fárùngbọ̀n dè?”

Ó ṣe pé imú ẹni tó wọ òórùn
ni kì í gbọ́ ọ mọ́.
Mo mú bírò, mo fa ilà sórí gbólóhùn mi.
Ó dùn mí díẹ̀.

Oyèládùn, dín ewé tíì kù.
Kọ “omi òjò” sára agolo, kọ ọ́ gàdàgbà.
Nǹkan ìsàlẹ̀ yẹn, má tíì sọ ọ́ fún mi.
Ọṣẹ ti dé ìdajì.
Lóru àná tójò ṣú, èmi ò tíì dìde,
mo gbọ́ tí ẹnìkan ń gbé bàsíà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.