Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Mórohunfólú ni wọ́n sọ mí ní Ìjẹ̀rù,
ṣùgbọ́n bí tíṣà bá pè mí ní kíláàsì,
tábìlì ni mo máa ń wò.
"Ohun ni wọ́n rí, wọn ò rí ohùn,"
ni Àkànmú tó ń jókòó lẹ́yìn mi máa ń wí,
gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí.

Bàbá mi ní, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.
Mo gbọ́.
Mo dákẹ́.

Àbúrò ìyá mi ló forúkọ mi sílẹ̀ láìbi mí:
ẹ̀kọ́ aṣáájú fún àwọn ọ̀dọ́, Sátidé mẹ́jọ,
nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan nítòsí Tákíè,
níbi tí eruku ọyẹ́ ti bo àga
débi pé èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i.
Mo kọ tèmi. Mo tún fọwọ́ pa á rẹ́.

Mo rò pé wọn á ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú.
Ìyáàfin Òjéwùmí ò wí bẹ́ẹ̀.
Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi,
ó gbé agogo kékeré kan tẹ̀ lé e,
ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Bó bá pé, lù ú.
Bí wọn ò bá gbọ́ ti agogo, kí wọ́n gbọ́ tìẹ."

Sátidé kìíní, ọwọ́ mi làágùn mọ́ ọn.
Ìkejì, ó dún bí ìgbà tí ṣíbí já bọ́.
Ìkẹta, mo ní inú ń run mí, mi ò lọ.
Ìkẹrin ni Àkànmú dìde.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́:
bó ṣe yẹ ká máa tò níbi ẹ̀rọ omi àdúgbò.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé. Mo lu agogo.
Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń bá tirẹ̀ lọ.
Mo tún lù ú. Ó gbóhùn sókè.
Ọ̀fun mi gbẹ bí láfún orí àpáta.
Mo wo Ìyáàfin Òjéwùmí; fèrèsé lòun ń wò.

"Ó tó."

Àbí èmi kọ́ ni mo wí i?
Ó kéré, àmọ́ ó dúró.
Àkànmú dákẹ́ bíi rédíò tí iná lọ mọ́ lórí.
Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
Títíládùn, láti Ìsàlẹ̀ Àfọ́n;
oṣù kan gbáko, mi ò gbóhùn rẹ̀ rí.
Ó ní òun náà ní nǹkan láti sọ.

Ìtìjú mi ò tíì lọ o.
Láàárọ̀ yìí, ẹsẹ̀ mi gbọ̀n
kí n tó wí fún ọkùnrin ọlọ́kadà kan
pé ọmọ kékeré yìí ló kàn láti pọnmi.
Ó wò mí, ó wò mí,
ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní ti Títíládùn,
ìṣẹ́jú mẹ́ta rẹ̀ pé, mo rí i lójú aago.
Mo di agogo mú, mi ò lù ú.
Ẹ má sọ fún Àkànmú.