Alùpùpù Tí Kì Í Wúkọ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gun Sùsúkì pupa yẹn
láti Ògbèrè dé etí odò Ọmọ.
Ó ń wúkọ́ bí àgbà tó ti ń fa tábà láti kékeré,
ó ń tú èéfín, ó ń ròyìn mi fún ẹran.
Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ odò, ẹtu ti gbọ́,
ọ̀yà ti sọ fún ìyàwó rẹ̀:
"Ṣówándé ti jáde nílé o, ẹ jẹ́ ká sún sí ọ̀hún."

Ni Adébọ̀nà ọmọ mi bá fowó ránṣẹ́ láti Ìbàdàn.
Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ ra èyí tó ń fi iná ṣiṣẹ́.
Kì í mu epo. Kì í pariwo."
Òótọ́ ni. Oṣù tó kọjá mo ta odindi ìgalà kan,
nígbà tí mo yọ owó epo kúrò,
orí rẹ̀ nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọmọkùnrin tó ń tajà, Odùtọ́lá lorúkọ ẹ̀,
bàtà funfun ló wọ̀, bàtà tí kò fojú kan ẹrẹ̀ rí.
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ló kọ́kọ́ fà mí lọ bá,
ó lórí bí ẹfọ̀n, iná iwájú rẹ̀ yọ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́.
"Ó lè ru ẹtu mẹ́wàá, Bàbá."
Ta ló fẹ́ pa mẹ́wàá?
Igbó tí bàbá mi ti ń pa mẹ́ta kílẹ̀ tó mọ́,
òru mẹ́ta ni mo fi ń wá ẹyọ kan níbẹ̀.
Mo la apá mi, mo fi wọn ìbú rẹ̀:
ọ̀nà tèmi láàárín arère méjì yẹn,
ènìyàn kan, ìbọn kan, ó ti kún.

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì wà ní kọ̀rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé kókò tó gbó.
Mo wádìí rẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọ:
bó bá rì dé orúnkún nínú ẹrẹ̀ oṣù Keje ńkọ́?
Bí agbára rẹ̀ bá tán lóru láàárín igbó, ta ni yóò tì í?
Níbo ni ma ti rí iná fún un,
nígbà tí iná ìjọba ń ṣe bí àlejò lọ́dọ̀ wa?
Ó fi pátákó dúdú kan hàn mí, tó ń yáàrùn bí alángbá.
"Oòrùn ọjọ́ méjì, ìrìn òru kan."
Ìyẹn yé mi. Bí ara tèmi náà ṣe rí nìyẹn.

Mo ní kó tan án. Ó ní òun ti tan án.
Ẹ̀rín pa gbogbo ilé ìtajà, kò pa mí.
Pù-pù-pù tó ń ké la ṣe ń pè é ní alùpùpù;
èyí tí kò ké, kí la ó máa pè é?
Ẹkùn ló ń rìn báyìí.
Ẹran tí kò gbọ́ mi, tí kò ráyè sá,
ṣé ọdẹ ni mo jẹ́ sí i, àbí olè?

Mo rà á. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, mo rà á.

Ìyá Adébọ̀nà kọ̀yìn sí títì, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.
Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo ti kí i. Àtẹ fò, ẹ̀gúsí fọ́n ká.
Nígbà tó bú mi tán, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀:
"Ikọ́ Sùsúkì yẹn ni mo fi ń sùn.
Bó bá ti wú u ní ìyànà ọ̀pẹ, ma gbé omi kaná.
Kí ni mo fẹ́ máa gbọ́ báyìí
tí mo fi máa mọ̀ pé igbó ò gbà yín mọ́ mi lọ́wọ́?"

Mi ò rí èsì.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo já ṣaworo Ẹ̀yìnlàárò,
ajá mi tó kú lọ́dún òjò ńlá, lórí ìṣó tó kọ́ sí,
mo so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.
Bí mo bá ń lọ, mo fi ewé dí i lẹ́nu.
Bí mo bá ń bọ̀, ẹran wà o, ẹran ò sí o,
ní ìyànà ọ̀pẹ, mo yọ ewé dànù.

Adébọ̀nà pè mí lánàá. Ó ní, bátìrì ńkọ́, ṣó ń ṣe dáadáa?
Mo ní kó fọkàn balẹ̀,
omi ìwẹ̀ mi ń gbóná.