Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Kì í ṣe ẹmọ́, kì í ṣe àgó,
kì í ṣe òkété tí í gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọgbà.
Hámísítà ni wọ́n ń pè é ní ìlú Hull,
eku tí a fowó rà ní ṣọ́ọ̀bù,
tí a tún ń fowó ra oúnjẹ fún.
Ìyá mi gbọ́ iye rẹ̀, ó pòṣé:
"Èyí tó ń sáré lábẹ́ síńkì lọ́fẹ̀ẹ́ kò tó yín?"

Mo fẹ́ kó máa jẹ́ Bísíkíìtì, nítorí àwọ̀ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá mi rí i
tó ń ki ẹ̀pà bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan, èjì, ẹ̀rin,
tí ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí eyín ń dùn,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn.
"Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ?"
Orúkọ náà mọ́ ọn lára.
Tèmi kù sára páálí tí mo kọ ọ́ sí.

Àgò rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
nínú yàrá èmi àti Akínwándé.
Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀,
kìrì-kìrì-kìrì,
ìrìn àjò tí kò kúrò lójú kan.
Bàbá mi náà ń ṣiṣẹ́ òru nígbà náà,
ó ń to ẹja dídì sínú páálí lẹ́bàá odò Humber.
Mo rò pé àwọn méjèèjì jọ ń wọṣẹ́ ni,
pé bí kẹ̀kẹ́ bá dúró,
bàbá mi ló jókòó, tó ń mu tíì.

Lẹ́yìn Kérésì, owó inú mítà tán lọ́jọ́ Ẹtì.
Òmíràn di ọjọ́ Ajé.
A wọ kóòtù sùn. Èémí wa ń jáde bí èéfín.
Gbogbo wa wọ bẹ́ẹ̀dì kan, ìyá mi láàárín bí ààrò.
Kò sẹ́ni tó rántí orí kọ́bọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀, mo bá a ní kíkákò,
ó le, ó tutù bí omi àmù.
Akínwándé gbé etí lé e, kò gbọ́ nǹkan kan.
Ẹ̀pà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.
Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ bàtà,
ó fi ṣíbí ọbẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ tó ti dì
lábẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí.
Páálí tíì la tẹ́ ẹ sí.
Ìyá mi gbàdúrà, ó ní ẹni tó dá erin ló dá eku.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní kíláàsì,
Míìsì Tọ́nbúlù ń kàwé fún wa:
bí òtútù bá mú hámísítà jù,
á ká ara rẹ̀ kò, ọkàn rẹ̀ á máa lù díẹ̀díẹ̀,
ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú.
Ẹ gbé e lé àyà, ó ní. Ẹ fún un ní wákàtí kan.
Àwọn tó kù ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Ẹ̀pà yẹn ni mo ń rò.
Bóyá ó jí. Bóyá ó jẹ ẹ́.

N kò sọ fún Akínwándé.
N kò sọ fún ẹni tó fi ṣíbí gbẹ́lẹ̀,
tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn ẹja.
Ó ti darúgbó báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé.
Bí mo bá gbé tíì fún un, á ní
òkété dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu.
Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá bọ́ lóru, mo máa ń dìde,
mo máa ń wo mítà tí kì í tán mọ́,
mo máa ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ẹ́,
mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.
"Kí lo ń wá?"
Mo ní kò sí.
Mo tún dúró díẹ̀ kí n tó lọ.