Ó Ṣì Ń Tàn

Ó tàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkò,
nínú ọyẹ́ tó mú ètè mi bẹ́:
iná pupa rúsúrúsú, àwòrán ìkòkò tí kò lọ́mọrí,
àmì ìyanu kan dúró nàró nínú rẹ̀
bí ọmọ tí tíṣà ní kó dìde ní kíláàsì.

Mo ní, á kú fúnra ẹ̀.
Ẹni tó ta mọ́tò náà fún mi ti sọ ọ́ rí:
"Gbogbo tòkúnbọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ bébà mọ́ ọn."
Mo lẹ bébà mọ́ ọn.
Nígbà tílẹ̀ ṣú, bébà náà pọ́n bí èèpo ọsàn.

Ọjọ́ mẹ́ta.
Sítíárì ń fà sápá òsì díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tó fẹ́ yà kí èèyàn kan nílé.
Apá òsì ni ọ̀nà Àdátán.
Àdátán ni Mopélọ́lá ẹ̀gbọ́n mi ń gbé.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo yà sọ́dọ̀ Líàdì fọ́gànáísà
lábẹ́ dọ́ńgóyárò, létí ọ̀nà reluwé ní Lafẹ́nwá.
Ó kúnlẹ̀, ó ki géèjì bọ ẹnu táyà: méjìdínlógún.
"Ọgbọ̀n ó lé méjì ló yẹ. Láti ìgbà wo ni iná ti ń bẹ̀ yín?"
Mo ní àná.
Ó wo bébà. Kò sọ̀rọ̀.

Ó da omi ọṣẹ sí i, àwa méjèèjì tẹjú mọ́ ọn.
Níbi kan ṣoṣo ọṣẹ hó, ó wú, ó bẹ́, òmíràn yọ:
ìṣó tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí a ń pín ẹrù Màmá kò tó bẹ́ẹ̀ náà,
nítorí aago ògiri kan tí kò tilẹ̀ rìn mọ́.
Mopélọ́lá rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà.
Láti oṣù kẹjọ ló ti ń jò.

Líàdì yọ ìṣó, ó dí ojú ihò, ó fẹ́ táyà.
Mo sanwó, mo yí kọ́kọ́rọ́.
Iná ṣì ń wò mí.
"Ṣé ẹ ò tíì ṣe é ni?"
Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Mo ti ṣe é. Òun ni ò tíì gbà gbọ́.
Ẹ ṣáà máa wà á lọ."

Mo ya bébà dànù.
Mo yà sápá òsì.

Mopélọ́lá ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀."
Ẹ.
Èmi àbúrò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ ìwúwo mi.
Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì, ó gbé omi wá:
"Ẹ mu omi."

Kò burú.
Màá wà á lọ́la.
Màá tún wà á lọ́túnla.