Àlejò Inú Òkúta

Bogumił, iyùn alààyè tí o fowó ìfẹ̀yìntì rà,
aláwọ̀ ewé yẹn, kò lórí mọ́.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo rí i:
kùkùté funfun, bí eyín ọmọdé tó kán.
Mo fẹ̀sùn kan edé. Mo fẹ̀sùn kan ẹja aláwọ̀ ọsàn,
mo bú u bí mo ṣe máa ń bú ọ
nígbà tí ẹran bá dín nínú ìkòkò kí àlejò tó dé.
Ẹja ń wò mí. Ó ń mi ìrù.

Jagna ọmọ Halina dé láti Poznań,
ó ní, "Ìyá àgbà, òru lolè ń rìn."
Ó fi ọ̀rá pupa we ẹnu tọ́ọ̀ṣì,
ó ní ohun tó ń gbénú ihò kì í rí ìmọ́lẹ̀ pupa.
A paná. A jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ,
èmi pẹ̀lú ìbora lẹ́sẹ̀, òun pẹ̀lú tíì,
pọ́ǹpù ń kùn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ láyé ìgbà yẹn,
nígbà tí o wà lójú agbami, tí n kì í sùn.

Agogo kan òru kọjá díẹ̀.
Àwọn kéékèèké ló kọ́kọ́ jáde,
pupa rúsúrúsú, onírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì,
wọ́n ń ṣa èérún oúnjẹ lórí iyanrìn.
Jagna fẹ́ fi ẹ̀mú kó wọn dànù.
Mo ní fi wọ́n sílẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ kọ́ ló jẹran.
Ó fọwọ́ kan ọ̀kan ṣá,
irun rẹ̀ wọ ìka ọmọ bí àfọ́kù dígí tó kúnná.
Ọtí kíkan inú ìgò kùkúḿbà ni mo fi fọ̀ ọ́.
Ó ń sunkún lọ́wọ́, ó ṣì ń wo omi,
òun náà ló kọ́kọ́ pariwo.

Ìwo márùn-ún. Orí tó ń dán
bí epo tó dà sójú omi èbúté.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àlùmọ́gàjí.
Ó ń yọ, ó ń yọ, kò tán;
ó ti gùn ju apá mi lọ, ìrù rẹ̀ ṣì wà nínú òkúta,
òkúta tí o gbé wálé lọ́dún tí wọ́n bí ọmọ yìí.
Bogumił, ẹgbẹ́ Jagna ni!
Kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ó dára;
ṣùgbọ́n èmi ni mo ń wọ́n edé gbígbẹ somi lálaalẹ́,
tí mo ń rò pé ẹja ló ń jẹ ẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Drapała tó ń ta ẹja ní má fà á o,
bó bá já, èyí tó kù nínú ihò á tún hu orí.
Ó ní ká gbé òkúta náà sínú báàkẹ́tì,
ká da omi onígáàsì lé e.
Omi tí o máa ń mu fún inú kíkùn ni mo lò,
ìgò mẹ́ta ló kù lábẹ́ tábìlì.
Ó hó. Ó jáde wá tán, gbọọrọ,
ó ká ara rẹ̀ jọ sísàlẹ̀ bí okùn tí wọ́n tú lẹ́sẹ̀ ọkọ̀.

Jagna ní ká dà á sí ṣáláńgá.
Mo wo ìta. Òjò dídì ń bọ́ sórí òkun Gdynia,
òkun tí kò níyọ̀ tó; èmi tí mo ń gbé létí rẹ̀
ṣíbí ni mo fi ń wọn iyọ̀ sómi.
Kò síbi tí ẹ̀dá yìí lè lọ.

Jagna ti padà sílé. Ó rò pé mo dà á nù.
Ó wà ní balùwẹ̀, nínú báàkẹ́tì búlúù rẹ,
òun pẹ̀lú pọ́ǹpù kékeré tó ti dẹnu kọlẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Edé kan péré, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Ọdún mẹ́rìnlá ló fi gbọ́ ohùn rẹ láti inú òkúta,
gbogbo ìbúra rẹ, gbogbo ìròyìn bọ́ọ̀lù.
Lóru àná, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ara báàkẹ́tì.
Kọ́. Kọ́.
Mo ní, mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n wá bàtà mi.